ỌKỌ̀ PÍKỌ́Ọ̀PÙ ALÁGBÁRA INÁ MÀNÀMÁNÁ

Bí a ti ń fún un ní iná, bí ó ti ń fa ẹrù, àti ohun tí ó yẹ kí ọlọ́kọ̀ mọ̀

Ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ṣiṣẹ́ jù ni píkọ́ọ̀pù. Àgbẹ̀ fi ń kó àgbàdo àti oúnjẹ ẹran. Káfíńtà fi ń kó pákó àti irin iṣẹ́. Ẹni tí ó ní màlúù a so tírélà mọ́ ìdí rẹ̀ láti kó wọn lọ sí ọjà. Ẹni tí ó fẹ́ najú létí odò a sì fi fa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Láti ọdún 1977 ni àwọn píkọ́ọ̀pù tí ilé-iṣẹ́ Ford ń pè ní F-Series ti ń tà ju gbogbo píkọ́ọ̀pù yòókù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Nítorí náà, nígbà tí píkọ́ọ̀pù tí kò mu epo rárá jáde, èyí tí ó jẹ́ pé iná mànàmáná nìkan ni ó ń lò, ìbéèrè kan ni ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn: Ṣé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí píkọ́ọ̀pù ń ṣe?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti eré. Ọkọ̀ yìí wọ́n, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó sì ń rà á ní àwìn, tí wọn yóò máa san owó rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹni tí ó bá rà á láìmọ ìwà rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn nínú tírélà, oòrùn ń mú, bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ibi ìgbaná sì jìnnà réré. Ẹni tí ó bá sì kọ̀ ọ́ nítorí àròsọ lásán lè máa ná ìlọ́po méjì owó tí ó yẹ kí ó ná lórí ìrìn ojoojúmọ́. Ìwà ọkọ̀ náà ni ẹ̀kọ́ yìí yóò ṣàlàyé, kí olúkúlùkù lè fi làákàyè ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́.

BÍ ỌKỌ̀ NÁÀ TI DÉ

Èrò píkọ́ọ̀pù oníná kì í ṣe tuntun. Ilé-iṣẹ́ Chevrolet ṣe ọ̀kan tí wọ́n pè ní S-10 Electric ní ọdún 1997 àti 1998. Ford náà ṣe Ranger EV láti ọdún 1998 títí di 2002. Ṣùgbọ́n bátìrì ìgbà náà wúwo, iná tí ó sì lè gbé dání kò tó nǹkan. Àwọn ilé-iṣẹ́ iná àti ẹ̀ka ìjọba ni ó lò wọ́n jù. Wọn kò pọ̀ lọ́wọ́ aráàlú.

Nígbà tí bátìrì lítíọ́ọ̀mù gbèrú ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Rivian, tí ó ń ṣe ọkọ̀ ní ìlú Normal ní ìpínlẹ̀ Illinois, bẹ̀rẹ̀ sí í fi píkọ́ọ̀pù R1T lé àwọn oníbàárà lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe F-150 Lightning fún títà ní Dearborn, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Tesla fi Cybertruck àkọ́kọ́ lé àwọn tí ó rà á lọ́wọ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2023. Chevrolet náà sì mú Silverado EV jáde.

Ìtàn náà kò dúró níbẹ̀. Owó dọ́là 7,500 tí ìjọba Amẹ́ríkà ń yọ kúrò nínú owó-orí ẹni tí ó bá ra irú ọkọ̀ oníná tuntun tí òfin là sílẹ̀ dópin ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, Ford kéde pé òun dáwọ́ dúró nínú ṣíṣe Lightning tí ń lo iná nìkan, àti pé èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀ yóò ní ẹ́ńjìnnì epo tí yóò máa ṣe iná fún bátìrì lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, àwọn tí a ti tà ṣáájú ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń bọ́ sí ọjà àlòkù. Ìdí tí irú ẹ́ńjìnnì aṣèrànwọ́ bẹ́ẹ̀ fi lè wúlò yóò hàn kedere nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí fífa ẹrù.

OHUN TÍ Ó WÀ LÁBẸ́ RẸ̀

Píkọ́ọ̀pù oníná kò ní ẹ́ńjìnnì epo, kò ní àgbá epo, kò sì ní páìpù èéfín. Bátìrì ńlá kan ni ó tẹ́ pẹrẹsẹ sí abẹ́ ọkọ̀, láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bátìrì yìí ni ó ń bọ́ àwọn ẹ̀rọ oníná tí ń yí táyà. Níwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì kò ti sí níwájú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àpótí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí òṣìṣẹ́ lè ti irin iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ kúrò lọ́wọ́ òjò àti olè.

Bí a ti ń fi gálọ́ọ̀nù wọn epo, bẹ́ẹ̀ ni a ń fi yúnìtì wọn iná. Yúnìtì kan náà tí mítà ilé ń kà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ni wọ́n ń kà ní Amẹ́ríkà: òun ni iná tí ẹ̀rọ oní-kìlówáàtì kan ń jẹ ní wákàtí kan. Nínú F-150 Lightning oníbátìrì ńlá, yúnìtì 131 ni awakọ̀ lè lò. Èyí tí ó rìn jìnnà jù nínú irú rẹ̀ lè rin máìlì 320 láìfa tírélà, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí. A lè sọ pé yúnìtì kan ń gbé e rin nǹkan bí máìlì méjì àbọ̀.

Ó dára kí a fi èyí wé epo. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó àyíká, ka gálọ́ọ̀nù epo bẹntiróòlù kan sí yúnìtì 33.7. Bí a bá fi 33.7 pín 131, èsì rẹ̀ kò pé mẹ́rin. Ìyẹn ni pé gbogbo agbára tí ó wà nínú bátìrì ràbàtà náà kò tó ti epo gálọ́ọ̀nù mẹ́rin, èyí tí kò kún kẹ́ẹ̀gì kan! Báwo ni ó ṣe wá ń rin máìlì 320? Ìdí ni pé ẹ́ńjìnnì epo ń sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo rẹ̀ di ooru lásán. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni ó ń dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀rọ oníná kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò.

Kí òǹkàwé fi ohun méjì yìí sọ́kàn: ọkọ̀ oníná mọ owó ná, ṣùgbọ́n owó tí ó wà lápò rẹ̀ kò pọ̀. Láti inú ohun méjì yìí ni gbogbo ìwà rẹ̀ yòókù ti ń jáde wá, àti èyí tí ó dùn mọ́ ọlọ́kọ̀ àti èyí tí kò dùn mọ́ ọn.

Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ A Ń GBÀ FÚN UN NÍ INÁ

Ọ̀nà kìíní ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri lásán. Iná sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ fóltì 120, kò sì lè máa fún ọkọ̀ ju nǹkan bí kìlówáàtì kan àti àbọ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́. Bátìrì oní-yúnìtì 131 tí ó gbẹ tán yóò lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó kún. Ọ̀nà yìí tọ́ sí ẹni tí kì í rìn jìnnà, tàbí ẹni tí ó lọ kí ará ní ìlú mìíràn tí ó sì fẹ́ sùn níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni iná fóltì 240, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ààrò ìdáná ńlá àti ẹ̀rọ tí ń gbẹ aṣọ. Oníṣẹ́ iná yóò kan àpótí ìgbaná mọ́ ògiri ilé. Bí àpótí náà bá ń fún ọkọ̀ ní kìlówáàtì 11, bátìrì tí ó gbẹ tán yóò kún ní nǹkan bí wákàtí 13. Ẹni tí ó bá so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ iná ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ yóò bá a ní kíkún ní aago méje òwúrọ̀. Ọ̀nà yìí ni ó yẹ kí ọlọ́kọ̀ fi ṣe ọ̀pá ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ibi ìgbaná kíákíá tí ó wà lẹ́bàá òpópó. Iná tí ó ń jáde níbẹ̀ pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Lightning lè gbà tó kìlówáàtì 150. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, bátìrì rẹ̀ lè lọ láti 15 nínú 100 dé 80 nínú 100 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 sí 45. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 80, ìgbaná náà a dẹ̀ lẹ́sẹ̀ gan-an. Ó dà bí ìgbà tí èrò ń wọ gbọ̀ngàn ìpàdé: àwọn tí ó kọ́kọ́ dé a jókòó kíá, ṣùgbọ́n nígbà tí àga bá kù díẹ̀, ẹni tí ó wọlé a dúró wo ọ̀tún wo òsì kí ó tó rí ibi jókòó. Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́n kì í dúró dé 100 lójú ọ̀nà, àfi bí ibi ìgbaná tí ó kàn bá jìnnà.

Tẹ́lẹ̀ rí, ẹnu wáyà ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà bá ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn mu. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, Tesla ṣí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi ìgbaná rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó ní ọkọ̀ Ford, bí wọ́n bá ti ní ẹnu àsopọ̀ tí ó yẹ. Àwọn ọkọ̀ Rivian àti ti General Motors náà rí ààyè bẹ́ẹ̀ nínú ọdún kan náà. Èyí mú kí ibi tí awakọ̀ lè yà sí pọ̀ sí i.

Níhìn-ín ni ìkìlọ̀ pàtàkì kan wà. Kò sí ohun mìíràn nínú ilé tí ń fa iná púpọ̀ bẹ́ẹ̀ fún odidi òru láìsinmi. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó tí ó ti dẹ̀, tàbí wáyà ìfàgùn tẹ́ẹ́rẹ́, lè gbóná títí yóò fi gbiná nígbà tí ará ilé bá ń sùn. Òfin wáyà ilé ní Amẹ́ríkà béèrè pé kí ojú wáyà irú iná bẹ́ẹ̀ ju ohun tí ọkọ̀ yóò gbà lọ ní ìdá kan nínú mẹ́rin: bí ọkọ̀ yóò bá gba áńpíà 48, wáyà àti ìdáná-dúró rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó áńpíà 60. Oníṣẹ́ iná tí ó ní ìwé àṣẹ ni kí a pè fún iṣẹ́ yìí. Owó tí a fi pamọ́ nípa pípe ẹni tí kò mọṣẹ́ kò tó owó òrùlé ilé, kí á má tíì sọ ti ẹ̀mí.

Àwọn tí ó ń ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí sábà máa ń gba ọlọ́kọ̀ níyànjú pé kí ó dá bátìrì dúró ní nǹkan bí 80 tàbí 90 nínú 100 fún ìlò ojoojúmọ́, kí ó sì fi 100 sílẹ̀ fún ọjọ́ ìrìn-àjò. Bátìrì tí ó ń wà ní kíkún rẹ́rẹ́ nígbà gbogbo, pàápàá nínú ooru, a máa yára gbó.

IṢẸ́ OJOOJÚMỌ́

Ẹ jẹ́ kí a mú káfíńtà kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ń rin máìlì 40 lójúmọ́ láti ilé dé ibi iṣẹ́ àti padà. Ọkọ̀ rẹ̀ yóò jẹ nǹkan bí yúnìtì 20, bí a bá ka èyí tí ó ń ṣòfò nígbà ìgbaná mọ́ ọn. Ní ọdún 2023, yúnìtì iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí sẹ́ǹtì 16. Ìrìn ọjọ́ kan yóò jẹ́ dọ́là mẹ́ta àti díẹ̀. Píkọ́ọ̀pù bẹntiróòlù tí ń rin máìlì 20 lórí gálọ́ọ̀nù kan yóò jẹ gálọ́ọ̀nù méjì, èyí tí ó tó dọ́là méje ní ọdún yẹn. Àǹfààní yìí wà fún ẹni tí ó ń gba iná nílé. Iná ẹ̀bá òpópó wọ́n ju ti ilé lọ púpọ̀. Ẹni tí ó bá gbára lé e lójoojúmọ́ lè máa ná iye kan náà bí ẹni tí ń ra epo.

Káfíńtà yìí kò nílò jẹnẹrétọ̀ ní ibi iṣẹ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lára ọkọ̀ náà níwájú àti lẹ́yìn, àwọn Lightning kan sì lè fún ènìyàn ní iná tó kìlówáàtì 9.6. Ayùn oníná, ẹ̀rọ ìlu-ihò àti iná alẹ́ lè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ láìsí ariwo, láìsí èéfín. Kò sí òróró ẹ́ńjìnnì tí a ń pa dà. Bíréékì rẹ̀ a máa pẹ́, nítorí pé nígbà tí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀, ẹ̀rọ oníná náà a yí padà di amúnáwá, a dá ọkọ̀ dúró díẹ̀díẹ̀, a sì dá iná padà sínú bátìrì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́ta, táyà rẹ̀ sì lè tètè jẹ. Kí ọlọ́kọ̀ fi owó táyà sínú ìṣirò rẹ̀.

FÍFA ẸRÙ

Ní Nàìjíríà, bí a bá dárúkọ tírélà, ọkàn ènìyàn a lọ sí ọkọ̀ gbọọrọ tí ń ná Èkó sí Kánò. Tírélà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé yàtọ̀. Àpótí tàbí pèpéle onítáyà ni, tí kò ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, tí a ń fi ìkọ́ so mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù. Ó lè gbé ẹṣin, igi, ọkọ̀ ojú omi tàbí ẹ̀rọ ìtúlẹ̀. Ó sì lè jẹ́ yàrá kékeré tí ìdílé ń sùn sí nígbà ìsinmi.

Ìbéèrè méjì ni ó wà nínú fífa ẹrù, kò sì yẹ kí a pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni: Ṣé ọkọ̀ náà lágbára tó? Èkejì ni: Ó lè fà á dé ibo?

Ìdáhùn sí èkíní rọrùn. Ẹ̀rọ oníná a máa lo gbogbo okun rẹ̀ láti ìgbà tí táyà bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí. Kò dúró de ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yóò kọ́kọ́ ké. Lightning tí a ṣe ní pàtàkì fún fífa ẹrù lè fa pọ́ùn 10,000. R1T àti Cybertruck lè fa pọ́ùn 11,000, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù márùn-ún. Ní ti okun, ọkọ̀ oníná kò gbẹ́yìn.

Ìdáhùn sí èkejì ni ó gba ìrònú. Bí píkọ́ọ̀pù oníná bá fa tírélà gíga lójú òpópó, ìrìn rẹ̀ sábà máa ń dín kù sí bí ìdajì. Èyí tí ń rin máìlì 320 lè má rìn ju nǹkan bí 160 lọ, ó sì lè kéré sí èyí bí tírélà bá tóbi jọjọ. Kì í ṣe ìwúwo ni ó ń fa gbogbo rẹ̀. Lójú ọ̀nà títẹ́jú, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Pèpéle pẹlẹbẹ tí ó ru irin wúwo lè jẹ iná tí ó kéré sí ti àpótí fífẹ̀ tí ó ga bí ògiri, bí àpótí náà tilẹ̀ fúyẹ́. Eré sísá sì ń dá kún un: bí awakọ̀ bá dín eré láti máìlì 70 sí 60 ní wákàtí kan, ìdènà afẹ́fẹ́ yóò fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Ẹni tí ó bá ń fa ẹrù tí ó sì fẹ́ dé ibi tí ó ń lọ, kí ó rọra.

Òtítọ́ ni pé píkọ́ọ̀pù bẹntiróòlù náà ń jẹ epo ní ìlọ́po bí ó bá ń fa irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú ohun tí wọ́n gbé dání. Àgbá epo tirẹ̀ sábà máa ń gba gálọ́ọ̀nù 20 sí 36, ìṣẹ́jú márùn-ún sì tó láti kún un. Ọkọ̀ oníná gbé agbára tí kò tó gálọ́ọ̀nù mẹ́rin, kò sì lè kún ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìṣirò ìrìn-àjò kan yóò mú ọ̀rọ̀ yìí yéni. Ká ní ẹnì kan fẹ́ fa tírélà lọ sí ibi tí ó jìnnà tó máìlì 400, tí ọkọ̀ rẹ̀ lè rin máìlì 160 pẹ̀lú tírélà náà. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí bátìrì gbẹ tán. Kí ó fi 15 nínú 100 sílẹ̀ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀. Bí ó bá jáde nílé pẹ̀lú 100, yóò rin máìlì 136 kí ó tó dúró. Lẹ́yìn náà, bí ó bá ń gba iná dé 80, máìlì 104 ni yóò máa rìn láti ìdúró kan sí èkejì. Yóò dúró ní máìlì 136, ní máìlì 240, àti ní máìlì 344. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyẹn. Bí ìdúró kan bá gba ìṣẹ́jú 45, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15 ni yóò fi kún ìrìn-àjò rẹ̀. Ìdílé tí ń lọ sí ìsinmi lè fi àkókò yìí jẹun. Ẹni tí ń kó ẹran láàyè nínú ooru kò lè fi í ṣeré.

Ohun kan ṣì wà tí ìwé ìpolówó kì í sọ. Ọ̀pọ̀ ibi ìgbaná ni a ṣe fún ọkọ̀ tí yóò kọrí wọlé, tí yóò sì fẹ̀yìn jáde. Tírélà kò ráyè níbẹ̀. Awakọ̀ ní láti wá ibi tú tírélà sílẹ̀, kí ó lọ gba iná, kí ó sì padà wá so ó. Ibi ìgbaná tí ọkọ̀ àti tírélà lè gba inú rẹ̀ kọjá tààrà bí ti ilé epo ṣì kéré níye. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: kí awakọ̀ ti wá irú ibẹ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé.

Ní ti ààbò, òfin tírélà kò yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ epo. Ìwúwo tí orí tírélà ń gbé lé ìkọ́ yẹ kí ó jẹ́ 10 sí 15 nínú 100 ìwúwo tírélà náà. Bí ó bá fúyẹ́ jù, tírélà yóò máa jù sí ọ̀tún jù sí òsì. Bí ó bá wúwo jù, ìdí ọkọ̀ yóò rì, iwájú rẹ̀ yóò sì fúyẹ́. Ìwúwo yìí wà lára ẹrù tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè rù, èyí tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí a bá kọ pọ́ùn 1,800 síbẹ̀, tí tírélà pọ́ùn 10,000 sì gbé pọ́ùn 1,000 lé ìkọ́, pọ́ùn 800 péré ni ó kù fún èrò àti irin iṣẹ́. Àwọn àgbà mẹ́rin àti àpótí irin iṣẹ́ kan lè gba gbogbo rẹ̀. Kí ẹ̀wọ̀n ààbò méjèèjì kọ lábẹ́ ìkọ́, kí bíréékì àti iná ẹ̀yìn tírélà máa ṣiṣẹ́, kí a sì wo afẹ́fẹ́ táyà kí a tó gbéra.

ÒKÈ ÀTI ÒTÚTÙ

Òkè gíga a máa fi ìwúwo hàn. Láti ìlú Denver lọ sí ihò Eisenhower tí ó gba inú òkè kọjá ní ìpínlẹ̀ Colorado, ọ̀nà ń gòkè láti ẹsẹ̀ bàtà 5,280 dé èyí tí ó lé ní 11,000. Bí ọkọ̀ tọ́ọ̀nù mẹ́ta bá fa tírélà tọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ gòkè yìí, gígùn òkè nìkan yóò gbà tó yúnìtì 30, láìka ti afẹ́fẹ́ àti ti ojú ọ̀nà. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìhà kejì, ẹ̀rọ oníná yóò dá díẹ̀ padà nínú rẹ̀, yóò sì bá bíréékì gba ìnira. Ṣùgbọ́n bátìrì tí ó bá kún rẹ́rẹ́ lórí òkè kò ní ààyè láti gba iná padà. Nítorí náà, ẹni tí ó gba iná lórí òkè kò gbọ́dọ̀ kún un dé 100 kí ó tó sọ̀ kalẹ̀.

Òtútù náà jẹ́ ọ̀tá. Ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Michigan àti Minnesota, níbi tí omi ń dì ní ìgbà ọ̀gìnnìtìn, bátìrì tí ó tutù kì í tú gbogbo iná rẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í yára gba tuntun. Ẹ́ńjìnnì epo ní ooru àṣẹ́kù tí ó fi ń mú inú ọkọ̀ móoru. Ọkọ̀ oníná ní láti fi iná bátìrì ṣe é. Àwọn ọlọ́kọ̀ ibẹ̀ ti kọ́ ọgbọ́n kan: wọn a mú ọkọ̀ àti bátìrì móoru nígbà tí ó ṣì wà lára iná ilé, kí wọ́n tó jáde.

NÍGBÀ TÍ INÁ ÌLÚ BÁ LỌ

Ilé kan ní Amẹ́ríkà ń lo nǹkan bí yúnìtì 30 lójúmọ́. Lórí ìṣirò yìí ni Ford ṣe sọ pé Lightning tí bátìrì rẹ̀ kún lè bọ́ ilé fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí ìjì bá já wáyà ìlú, àti fún ọjọ́ púpọ̀ sí i bí ará ilé bá ń ṣọ́ iná lò. Fìríìjì àti ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga yóò máa ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni láti ti wáyà ọkọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri kí iná lè wọ ilé láti ẹ̀yìn. Iná náà yóò gba inú wáyà ilé jáde sí wáyà ìlú, yóò sì lè pa òṣìṣẹ́ tí ó gun òpó láti ṣe àtúnṣe. A ní láti fi ẹ̀rọ tí ń ya ilé kúrò lára wáyà ìlú sí i. Ohun kan náà ni ṣéńjóbà ń ṣe fún jẹnẹrétọ̀ ní Nàìjíríà, òfin kan náà sì ni ó dè wọ́n.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÍ Ó FẸ́ RÀ Á

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tirẹ̀, tí ó lè fa iná fóltì 240 síbẹ̀, tí ìrìn rẹ̀ kì í sábà kọjá máìlì 100 lójúmọ́, tí ẹrù rẹ̀ sì jẹ́ ti àárín ìlú, yóò rí ọ̀rẹ́ nínú ọkọ̀ yìí. Àgbẹ̀ tí ń fa tírélà láti oko dé ọjà tí ó wà ní máìlì 30 lè lọ kí ó sì bọ̀ láìdúró níbikíbi.

Ẹni tí ń gbé ilé alájà púpọ̀ tí kò ní ibi ìgbaná, tàbí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífa tírélà gíga ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ó ro ó dáradára. Irú èyí ni píkọ́ọ̀pù oníbátìrì tí ó ní ẹ́ńjìnnì aṣèrànwọ́ lè ṣe lóore. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ra àlòkù, kí ó wo ìlera bátìrì, kí ó sì béèrè iye ọdún tí ó kù nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ tàbí máìlì 100,000, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé, ni Ford fi ṣe onígbọ̀wọ́ bátìrì Lightning.

Àkópọ̀ ọ̀rọ̀ ni pé píkọ́ọ̀pù oníná kò kù ní okun. Iye iná tí ó lè gbé dání ni ó kéré. Ẹni tí ó bá mọ iye tí ó gbé, tí ó mọ ohun tí ń jẹ ẹ́, tí ó sì ṣírò ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó gbéra, kò ní sun ojú ọ̀nà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ẸGBẸ́ AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kí ni ìdí tí agbára tí kò tó ti epo gálọ́ọ̀nù mẹ́rin fi lè gbé ọkọ̀ rin máìlì 320?

2. Dárúkọ ọ̀nà mẹ́ta tí a ń gbà fún ọkọ̀ ní iná. Èwo ni ó dára jù fún ìlò ojoojúmọ́, kí sì ni ìdí rẹ̀?

3. Kí ni ó fà á tí àpótí gíga tí ó fúyẹ́ fi lè jẹ iná ju pèpéle tí ó ru irin wúwo lọ?

4. Bí ọkọ̀ kan bá lè rin máìlì 120 pẹ̀lú tírélà, ìgbà mélòó ni yóò dúró gba iná kí ó tó parí máìlì 300? Lo ìṣirò tí ó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí.

5. Ewu wo ni ó wà nínú fífi iná ọkọ̀ tàbí ti jẹnẹrétọ̀ bọ ilé láìsí ṣéńjóbà?